Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn lókè òkun, yunifásítì wo ni kí n kọ̀wé sí?

Akọ̀wé_Kékeré

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí ṣùgbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìtàn ni mo fi gba dígírì àkọ́kọ́, two-one ni mo ní, láti ọdún méjì ni mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìtàn, wàyí o mo fẹ́ lọ ṣe másítà lókè òkun, bí ọ̀nà bá sì là kí n ṣe PhD. Ohun tó wù mí ni òwò orí òkun, àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú àti ọjà, láti nǹkan bí 1700 sí 1850.

Mo lọ wo àtẹ àwọn yunifásítì tó dáa jù láyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo mú márùn-ún: Oxford, Cambridge, Harvard, Yale àti LSE. Ìbéèrè mi rèé, ẹ má bínú ó pọ̀ díẹ̀. Nínú márààrún èwo ló dáa jù fún ìtàn? Ṣé dandan ni kí n gbọ́ èdè míì yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì? Báwo lèèyàn ṣe ń rówó sí i, torí mo rí iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, àyà mi já. Wọ́n tún ní kí n fi writing sample ránṣẹ́, kí nìyẹn gan-an, ṣé tuntun ni mo máa jókòó kọ ni àbí èyí tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀? Èyí tó kẹ́yìn, àwọn ará ilé mi ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ fi ìtàn ṣe lẹ́yìn gbogbo ìnáwó náà, mi ò sì rí ohun gidi kan fi dá wọn lóhùn. Ẹ ṣé o.

Ìwé_Àtijọ́

Káàbọ̀ o, àbúrò. England lèmi ti ṣe másítà tèmi nínú ìtàn, ó ti pẹ́ díẹ̀, jẹ́ kí n ti ibi tó ń bí mi nínú jù bẹ̀rẹ̀: àtẹ yẹn, jọ̀ọ́ pa á tì. Àwọn tó ń ṣe é ò mọ ohun tó o fẹ́ kà. Iye ìwé tí àwọn olùkọ́ tẹ̀ jáde ni wọ́n ń kà, iye èèyàn tó mọ orúkọ iléèwé, àti oríṣiríṣi nǹkan tí kò kan ọkọ̀ ojú omi rẹ rárá. Nínú iṣẹ́ ìtàn nǹkan méjì lèèyàn ń tẹ̀ lé, ibi tí ìwé tó o fẹ́ yẹ̀ wò wà, àti ẹni tó máa jókòó tì ẹ́ tẹ́ ẹ jọ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Iléèwé tí orúkọ rẹ̀ ò dún tó bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ẹni tó ti fi ogún ọdún ka ìwé àwọn ọlọ́kọ̀ wà, ó sàn fún ẹ ju ibi tí orúkọ rẹ̀ gba ayé kan tó wá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n máa fún ẹ, ọ̀rọ̀ àwọn ọba England ayé àtijọ́ nìkan ló mọ̀.

Wò ó báyìí. Òwò orí òkun lo ní. Ìwé Royal African Company, ilé iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń kó ẹrú, wà ní The National Archives, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìjọba àtijọ́ sí ní Kew ní London, T 70 ni wọ́n ń pe àkójọ náà, ìwé ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn kólónì wà níbẹ̀ náà, CO ló ń jẹ́. Ti àwọn ará Netherlands, ìwé ilé iṣẹ́ VOC tó bá Éṣíà ṣòwò láti 1602 sí 1799 àti ti ilé iṣẹ́ WIC tó ń ná Àtìláńtíìkì wà ní The Hague, àmọ́ ti ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní MCC wà ní Middelburg, wọ́n sì tọ́jú ẹ̀ débi pé èèyàn lè tẹ̀ lé ọkọ̀ ẹrú kan ṣoṣo láti ọjọ́ tó gbéra títí dọjọ́ tó padà dé. Ti Spain wà ní Seville, ti Portugal wà ní Lisbon, ti àwọn kólónì Faransé wà ní Aix-en-Provence. Torí náà kó o tó béèrè pé iléèwé wo, bi ara ẹ pé ọkọ̀ àwọn wo ni mo fẹ́ tẹ̀ lé. Ìyẹn ló máa sọ ìlú tó o máa lọ, ìyẹn náà ló máa sọ èdè tó o máa kọ́. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ Liverpool, Gẹ̀ẹ́sì ti tó ẹ bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti Middelburg, wàá kọ́ èdè Dutch, wàá tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kọ ọ́ nígbà yẹn, ìkejì yẹn gan-an ló le, torí ẹni tó ń sọ èdè náà láti kékeré pàápàá lè wo ìwé náà títí kó má rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Másítà ní England ọdún kan péré ni, credit 180, ó sì máa ń yára ju bó o ṣe rò lọ. September lo dé, wọ́n á ti máa béèrè àkòrí iṣẹ́ rẹ kí ọdún tó parí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn lo máa fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ bíi 15,000, ibòmíì lé díẹ̀ ibòmíì dín díẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé Kew mo rò pé mo ti múra, wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ mi, wọ́n gba bírò, pẹ́ńsù nìkan lo lè mú wọlé àti kọ̀ǹpútà ẹ nínú ọ̀rá tó mọ́ gaara. Wọ́n ṣe káàdì fún mi, ọ̀fẹ́ ni, o tún lè fi fóònù ẹ ya ìwé náà láìsan kọ́bọ̀. Inú mi dùn. Mo wá jókòó ti ìwé ìṣirò owó kan fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì, mò ń dà á kọ, mò ń ya fọ́tò, àṣé ẹ̀dà tí akọ̀wé kan dà kọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni, èyí tí mo nílò wà nínú àpótí míì tí nọ́ńbà ẹ̀ fi ẹyọ kan yàtọ̀. Ká ní mo ka ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ sórí ìkànnì wọn kí n tó lọ ni, ọjọ́ kan ni ǹ bá fi mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì nínú ọdún kan kì í ṣe kékeré.

Ó sì tún ku ohun kan o, kì í ṣe gbogbo ìwé ló wà níta. Lọ́dún 2011, nígbà tí àwọn àgbàlagbà kan láti Kenya pe ìjọba Britain lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ Mau Mau, àwọn tó bá òyìnbó jà níbẹ̀ láyé kólónì, ibẹ̀ la ti mọ̀ pé wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kólónì pa mọ́ síbì kan tó ń jẹ́ Hanslope Park láti ìgbà táwọn kólónì ti ń gbòmìnira. Inú àkójọ tí wọ́n ń pè ní FCO 141 ni wọ́n wà ní Kew báyìí. Àwọn tó ti kọ ìwé wọn parí ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ fojú inú wò ó.

Àjàlá_Òǹkàwé

Mo fọwọ́ sí gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ. Amẹ́ríkà lèmi wà, ọdún kẹrin PhD mi rèé, ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ dá sí torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Àbúrò, tó bá jẹ́ PhD lo ní lọ́kàn, má fowó ara ẹ ṣe másítà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń gba ẹni tó ní dígírì àkọ́kọ́ wọlé sí PhD tààrà, wàá gba másítà lójú ọ̀nà, àwọn ẹ̀ka ìtàn tó dáa kì í sì í gba ọmọ PhD kí wọ́n má fún un lówó: wọ́n á san owó iléèwé, wọ́n á máa fún ẹ lówó tó o máa jẹ fún bí ọdún márùn-ún, ìwọ náà á máa bá wọn kọ́ àwọn ọmọ dígírì àkọ́kọ́, wàá máa máàkì ìwé títí ojú ẹ á fi máa ṣú. Másítà lásán níbẹ̀ ńkọ́? Ìwọ lo máa san án, ó sì wọ́n gan-an. Ìyẹn ni Harvard àti Yale tó o tò pọ̀ mọ́ Oxford àti LSE yẹn ò fi bára mu, ohun tó o fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ wọn yàtọ̀ síra.

Ṣùgbọ́n owó yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Ọdún méjì àkọ́kọ́ kíláàsì lo máa jókòó ṣe, sẹ́míńà mẹ́ta lọ́sẹ̀, odidi ìwé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì ní bi ẹ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìwé náà, wọ́n á bi ẹ́ pé ta ni òǹkọ̀wé yìí ń bá jiyàn, kí ló rí tó fi sọ ohun tó sọ, kí ni kò wò. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ mi ò lè lanu ní kíláàsì. Ọjọ́ àti orúkọ ni mo ti há sórí láti kékeré, kò wá sẹ́ni tó béèrè ọjọ́ kankan lọ́wọ́ mi! Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò tí wọ́n ń pè ní comps, wàá ka ìwé tó lé ní ọgọ́rùn-ún lórí bí ẹ̀ka mẹ́ta, àwọn olùkọ́ á wá yí ẹ ká, wọ́n á máa ju ìbéèrè lù ẹ́. Èdè náà wà níbẹ̀, wọ́n á fún ẹ ní ojú ìwé kan ní Faransé tàbí èdè yòówù tó o mú, kó o túmọ̀ ẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn lo tó lọ sí àkáífù, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí. PhD ti England yàtọ̀, kò sí kíláàsì tó bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, iṣẹ́ rẹ lo máa kọjú sí láti ọjọ́ kìíní, ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ kó o ti mọ ohun tó o fẹ́ ṣe dáadáa kó o tó wọlé.

Writing sample tó o béèrè: má kọ tuntun. Mú èyí tó dáa jù nínú ohun tó o ti kọ, bóyá orí kan nínú projẹ́ẹ̀tì dígírì ẹ, ojú ìwé bí ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kó jẹ́ ibi tí ìwọ fúnra ẹ ti mú ìwé àtijọ́ lọ́wọ́ tó o yẹ̀ ẹ́ wò, tó o sọ pé ohun tí mo rí nínú rẹ̀ nìyí. Má fi orí tó ń to ohun táwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sọ lẹ́sẹẹsẹ ránṣẹ́ o, gbogbo èèyàn ló ń fi ìyẹn ránṣẹ́, ó sì ń sú wọn. Lẹ́tà ẹlẹ́rìí mẹ́ta lo nílò, kí wọ́n jẹ́ olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ẹ́ lójú lásán. Ìparí ọdún ni wọ́n máa ń ti fọ́ọ̀mù, December ni ọ̀pọ̀. Ẹ̀ka ìtàn tó pọ̀ ni kò béèrè ìdánwò ìgbàwọlé tí wọ́n ń pè ní GRE mọ́. Owó fọ́ọ̀mù, kọ̀wé sí wọn kí wọ́n fojú fò ó fún ẹ, ìtìjú ò sí níbẹ̀, èmi bẹ iléèwé mẹ́fà, mẹ́rin gbà.

Ní ti ohun tí àwọn ará ilé ẹ ń sọ, mi ò ní tàn ẹ́. Láti ìgbà tí ọrọ̀ ajé dojú rú lọ́dún 2008 ni iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ní yunifásítì Amẹ́ríkà ti já wálẹ̀, kò tíì padà síbi tó wà. Àwọn tí mo mọ̀ tó parí, àwọn kan ń kọ́ni, àwọn kan wà ní àkáífù àti mùsíọ́ọ̀mù, ẹnì kan ń bá báńkì ṣe ìwádìí, ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn. Kò sí ebi nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí nǹkan rí fún bó ṣe rò lọ́dún kìíní. Ohun tí mo lè sọ fún ẹ ò ju pé má jẹ gbèsè nítorí rẹ̀.

Ẹnu_Ò_Purọ́

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ lọ kọ́ nípa ìtàn lọ́wọ́ òyìnbó? Àwọn tó kó wa lẹ́rú náà lẹ fẹ́ lọ san owó fún kí wọ́n wá sọ bí wọ́n ṣe kó wa? Àbúrò lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, data ni ayé ń béèrè báyìí.

Àjàlá_Òǹkàwé

@Ẹnu_Ò_Purọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ òótọ́ díẹ̀, ẹ tún ti sọ òdì-kejì ẹ̀. Ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe kó wa wà lọ́wọ́ wọn, táa bá ní a ò ní lọ, àwọn náà láá máa kà á fún wa. Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn ará Nàìjíríà, lọ, ó gba PhD ní London lọ́dún 1950, ó ka ìwé wọn yẹn dáadáa, ó wá yí padà ó ní ìwé nìkan ò tó, ẹ̀rí ẹnu àwọn àgbà náà ẹ̀rí ni, òun ló sì ṣáájú nínú ìdásílẹ̀ National Archives Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu yìí gan-an, wọ́n ń kọ́ ọ ní yunifásítì, Jan Vansina, onímọ̀ ìtàn ará Belgium, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà lórí bí èèyàn ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, pé ta ló sọ ọ́, ta ló gbọ́ ọ, ta ni ìtàn náà ṣe láǹfààní.

Ẹ tún ní data. Ẹ lọ wo SlaveVoyages lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìrìnàjò ọkọ̀ ẹrú tó lé ní 36,000 ló wà níbẹ̀, orúkọ ọkọ̀, ọdún, ibi tó ti kó èèyàn, iye tó kó, iye tó kú. Àwọn onímọ̀ ìtàn ló jókòó kó o jọ láti inú ìwé kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà àti ìtàn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Ẹnu_Ò_Purọ́

Ó dáa, mo ti gbọ́. 36,000 kẹ̀! Mo ti ń wò ó láti àárọ̀, mi ò tíì rí iṣẹ́ mi ṣe.

Ìyá_Ọmọ_Méjì

Àbúrò, o ò sọ bóyá o ti ṣègbéyàwó àbí o ní ọmọ, ṣùgbọ́n ẹlòmíì tó ń kà á lè nílò èyí. Láti January 2024, ẹni tó bá lọ ṣe másítà onílẹ́kíṣọ̀ ní Britain ò lè mú ọkọ tàbí aya tàbí ọmọ dání mọ́, àfi tó bá jẹ́ PhD tàbí másítà oníwàádìí. Èmi ò mọ̀, mo ti gba lẹ́tà wọlé tán kí n tó kà á, ni mo bá jókòó sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo wá bọ́ sí PhD, àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi báyìí.

Ní ti owó, Chevening, sikọ́láṣípù ìjọba Britain, máa ń san gbogbo owó másítà ọdún kan ní Britain, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ bí ọdún méjì, wákàtí 2,800 ni wọ́n ń kà, iṣẹ́ olùkọ́ ẹ yẹn wọ inú ẹ̀, tó o bá sì parí wàá padà sílé fún ọdún méjì. Kọ́ọ̀sì mẹ́ta ni wàá mú. Sikọ́láṣípù Commonwealth náà wà. Bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àsìkò ṣì wà, torí fọ́ọ̀mù owó máa ń tì ṣáájú kí iléèwé tó dá ẹ lóhùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi lẹ́ẹ̀kan.

Ará_Berlin

Kí ló dé tẹ́ni kankan ò dárúkọ Jámánì, àbí òtútù lẹ̀ ń sá fún?

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba níbí kì í gba owó iléèwé, owó kékeré kan lo máa ń san ní sẹ̀mẹ́sítà, nínú rẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ máa ń wà níbi púpọ̀. Ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ló yàtọ̀, láti 2017 ni wọ́n ti ń gba 1,500 euro ní sẹ̀mẹ́sítà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ará Yúróòpù, torí náà mọ ìpínlẹ̀ tí iléèwé ẹ wà. Ohun tó máa ń dá èèyàn dúró ni owó tí wọ́n ní kó o fi sí àkáǹtì kó o tó gba físà, 11,904 euro fún ọdún kan láti 2024, owó ẹ ni o, oṣooṣù ni wọ́n á máa yọ 992 fún ẹ, ṣùgbọ́n kó o tó rí i kó jọ lẹ́ẹ̀kan náà, hmm. Tí DAAD, àjọ tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó ní Jámánì, bá fún ẹ ní sikọ́láṣípù, ìwé ẹ̀rí ẹ̀ dípò ìyẹn.

Ìtàn ní Jámánì, èdè Jámánì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ jù, ìpele C1, ìyẹn kó o gbọ́ èdè náà dáadáa, ni wọ́n ń béèrè, àwọn iléèwé kan ṣì ń béèrè Látìnì pàápàá. Ṣùgbọ́n ní Berlin, Freie Universität àti Humboldt jọ ní másítà Global History tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é, ọdún méjì, èyí témi ṣe nìyẹn. Tìẹ gan-an, wo Bonn. Wọ́n ní ibùdó kan fún ẹ̀kọ́ nípa oko ẹrú, Bonn Center for Dependency and Slavery Studies, wọ́n sì ní másítà tiwọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí nínú márùn-ún tó o mú yẹn, mo mọ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù níbí ni pé wọn ò dá ẹ lẹ́kun nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé ṣé o ti kàwé. Kíláàsì mẹ́rin lọ́sẹ̀, ìsinmi oṣù méjì, o rò pé ìsinmi ni, inú ìsinmi yẹn lo máa kọ ìwé olójú ewé ogún fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Mo kó mẹ́ta pọ̀ nígbà kan, mi ò fẹ́ rántí ẹ̀. Ìkọ̀wé àtijọ́ wọn náà wà níbẹ̀, Kurrent ló ń jẹ́, e rẹ̀ jọ n, s rẹ̀ jọ f, wọ́n lò ó títí di 1941. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ, báyìí mo máa ń ka lẹ́tà bàbá àgbà àwọn aládùúgbò mi fún wọn, àwọn fúnra wọn ò lè kà á mọ́.

Akọ̀wé_Kékeré

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin àgbà. Mo ti yọ Harvard àti Yale kúrò ná, mo ti fi Bonn sí i. Mi ò ní ìyàwó, mi ò ní ọmọ, ẹ ṣé mà. Mo wo T 70 lórí ìkànnì Kew, ó pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, mi ò mọ ibi tí mo ti máa dì í mú. Ẹ̀gbọ́n Ìwé_Àtijọ́, ṣé àkòrí mi dáa báyìí: òwò ẹrú lórí Òkun Àtìláńtíìkì láti 1700 sí 1850?

Ìwé_Àtijọ́

Rárá. Má bínú o, ìyẹn kì í ṣe àkòrí, odidi òkun nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ti kú sórí ẹ̀.

Wò ó bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Dín ibi kù: mú Liverpool. Dín àkókò kù: mú ìgbà tí nǹkan yí padà. Lọ́dún 1788 ilé ìgbìmọ̀ Britain ṣòfin tó ní iye ẹrú tí ọkọ̀ lè kó gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n ọkọ̀ mu, wọ́n tún ní kí dókítà wà nínú ọkọ̀ kó máa kọ iye ẹni tó kú sílẹ̀. Wá bi ara ẹ ní ìbéèrè tí kò tíì ní ìdáhùn lọ́kàn ẹ: lẹ́yìn òfin yẹn, ṣé bí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ṣe ń kọ̀wé sí ẹni tó ni ọkọ̀ yí padà? Ṣé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan pa mọ́? Ìbéèrè nìyẹn. O lè dáhùn rẹ̀ nínú ọdún kan, o sì lè kùnà, torí ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn jẹ́ pé kò yí padà rárá, ìyẹn náà ìdáhùn ni. Ní kété tó o bá ní irú ìbéèrè yìí, ọ̀rọ̀ iléèwé á yanjú fúnra ẹ̀. Ìwé William Davenport, oníṣòwò ẹrú ará Liverpool, wà ní Merseyside Maritime Museum, òun tiẹ̀ ṣáájú òfin yẹn ní apá tó pọ̀, ìyẹn á fún ẹ ní bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀. University of Liverpool wà nítòsí ibẹ̀, wọ́n ní ibùdó fún ẹ̀kọ́ oko ẹrú. University of Hull ní Wilberforce Institute, ibùdó ìwádìí nípa oko ẹrú. Ó ṣeé ṣe kó o má gbọ́ orúkọ Hull rí, àwọn tó wà nínú iṣẹ́ yìí gbọ́ ọ.

Àbí tí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn inú ọkọ̀ bá wù ẹ́ ju ti olówò lọ, wo Prize Papers. Láti 1652 sí 1815, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá mú ọkọ̀ ọ̀tá lójú ogun, wọ́n máa ń kó gbogbo ìwé inú ẹ̀ lọ sí kóòtù kó lè jẹ́ ẹ̀rí, lẹ́tà tí ìyàwó kọ sí ọkọ, ti ọmọ sí bàbá, ti oníṣòwò sí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Kò dé ọ̀dọ̀ wọn láé. Ó wà ní Kew báyìí nínú àkójọ ìwé kóòtù náà tí wọ́n ń pè ní HCA, lẹ́tà tó lé ní 100,000, oríṣiríṣi èdè, àwọn mìíràn ni wọn ò tíì já èdìdì wọn rí kí àwọn ti University of Oldenburg ní Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo rí wọn tí wọ́n já ọ̀kan nígbà kan, ẹ̀yìn ni mo dúró sí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn fún bí ìṣẹ́jú méjì.

Ará_Berlin

Oldenburg kẹ̀, owó iléèwé ò sí níbẹ̀ náà o 😀

Akọ̀wé_Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí yẹn ti mú mi, mi ò lè purọ́, mi ò sùn dáadáa lánàá. Mo ti rí olùkọ́ méjì tí iṣẹ́ wọn bá a mu, ọ̀kan ní England ọ̀kan ní Jámánì. Báwo ni mo ṣe máa kọ̀wé sí wọn? Èyí tí mo kọ sílẹ̀ báyìí jẹ́ ojú ìwé méjì, mo sọ ìtàn ayé mi láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àjàlá_Òǹkàwé

Yéè. Gé e. Ìlà mẹ́wàá tó, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹ àti ohun tó o kà, ìlà kan. Ìbéèrè ẹ, ìlà mẹ́ta. Ìwé tó o fẹ́ lò, kọ nọ́ńbà àkójọ ẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n mọ̀ pé o ti débẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ohun kan tí olùkọ́ náà kọ tó o kà lóòótọ́ tó ní ibi tí kò yé ẹ, bi í léèrè ibẹ̀. Parí ẹ̀ pẹ̀lú pé ṣé ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Má fi fáìlì mẹ́jọ mọ́ ọn, má kọ dear sir or madam, orúkọ ẹ̀ wà lójú ìwé ẹ̀. Tí kò bá dáhùn lọ́sẹ̀ mẹ́ta kọ ẹ̀ẹ̀kan sí i, wọn kì í bínú, ímeèlì ló bò wọ́n mọ́lẹ̀. Èmi kọ sí mọ́kànlá, márùn-ún dáhùn, ọ̀kan nínú wọn ní òun ò gba ẹnikẹ́ni ṣùgbọ́n ó darí mi sí ẹni tó ń kọ́ mi lónìí.

Ìwé_Àtijọ́

Kó o tó fi ránṣẹ́, lẹ̀ ẹ́ síbí ká bá ẹ wò ó. Yọ orúkọ olùkọ́ náà kúrò ná.

Akọ̀wé_Kékeré

Ó di alẹ́ ọ̀la. Mo kọ́kọ́ fẹ́ ka àpilẹ̀kọ ẹ̀ kan tán ná, mo ti dé ìdajì.